Alàájì Làtíì Akínbọ́lá, Ẹni Tó Dín Rédíò Kù Kí Ọwọ́ Mẹ̀kúnnù Lè Tó O: Ìkẹ́dùn àti Àforíjì

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Atúnrédíòṣe Ọmọ Yorùbá, Màídúgùrí, Ìpínlẹ̀ Borno.

Sí Àlàájà Mùfúlíátù Akínbọ́lá, sí Zainudeen àti Ràódàt, àti sí gbogbo ẹbí, nílé yín ní Jiddari Polo.

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo, àti pẹ̀lú ìtìjú tí a ó ṣàlàyé rẹ̀ bí a bá ṣe ń lọ, ni àwa ọmọ Ẹgbẹ́ yìí fi kọ̀wé sí yín lórí ìpapòdà ọkọ yín, bàbá yín, àti arákùnrin wa, Alàájì Làtíì Akínbọ́lá, tó dágbére fáyé ní ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, tí wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn rẹ̀ ti là á sílẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàdọ́rin ni. Àwọn kan á ní ó ti dàgbà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣì ń wúlò, kò sí ọjọ́ orí tí ikú rẹ̀ kò ní dun ni.

Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Déwálé, àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ló ní kí èmi Jàáfárù Adégbìtẹ́ bá Ẹgbẹ́ kọ ìwé yìí. Ọ̀fà ni mo wà láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Màídúgùrí, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, ẹsẹ̀ kò sì gbé mi débi tí mo fẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ fún ọdún mọ́kànlélógún, èmi nìkan ni mo sì ṣẹ́kù nínú àwọn àgbà tó mọ olóògbé nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ya díẹ̀ lọ́nà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á. Àgbà tó bá ń rántí kì í rìn tààrà.

Ọdún 1976 ni ọkọ̀ ojú irin gbé Làtíì dé, òun àti àpótí igi kan ṣoṣo. Hausari ni mò ń gbé nígbà náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọkùnrin kan tó ń ta iyọ̀ àti kánún. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá sí ìpàdé wa, abẹ́ igi dógóyárò la jókòó sí, ọyẹ́ ń fẹ́ iyanrìn sí wa lójú. Ó dìde, ó béèrè ìdí tí rédíò fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀. A fi í rẹ́rìn-ín. A ní ó wọ́n nítorí pé ó wọ́n ni. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á tú ọ̀kan wò.

Bó ṣe tú u ni a kò rí irú rẹ̀ rí. Àwa tí à ń tún rédíò ṣe, èyí tó bá ti kú là ń tú. Òun, èyí tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ló máa ń ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Á gbé e kalẹ̀ kó máa kọrin, á mú píláyà, á gé ẹ̀yà kan jáde. Bí rédíò náà bá ṣì ń kọrin, á ju ẹ̀yà yẹn sínú agolo, á gé òmíràn. Á gé e, á gé e, títí ohùn á fi dákẹ́ lójijì. Nígbà náà ni yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, tí yóò dá èyí tó gé kẹ́yìn padà sáyè rẹ̀, tí rédíò yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ níbi tí orin ti rìn dé. Ohun tó bá ṣẹ́kù lórí pátákó inú rédíò yẹn nìkan ló máa lọ rà, òun ni yóò tò pọ̀ sínú àpótí páànù tí àwọn alágbẹ̀dẹ bá a ṣe.

Ó ní ẹni tó ń gbé Hausari kò nílò ẹ̀yà tí wọ́n fi ń wá ohùn láti òkè òkun. Ilé iṣẹ́ rédíò wà nínú ìlú, ohùn rẹ̀ le, ohun díẹ̀ tó láti gbọ́ ọ. Báyìí ló ṣe ṣe rédíò tí obìnrin tó ń ta kósáì, àkàrà àwọn ará ibẹ̀, lè rà láìdúró de ọkọ rẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀, Hausa àti Kanuri, ló sọ ọ́ ní Mai Ragi, ẹni tó ń dín nǹkan kù. Orúkọ náà mọ́ ọn lára ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Mo dúró tì í ní àdúgbò Custom lọ́jọ́ kan tí irú obìnrin oníkósáì bẹ́ẹ̀ ń yẹ rédíò rẹ̀ wò. Làtíì fi Hausa tirẹ̀ tó máa ń ṣẹ́ bí igi gbígbẹ sọ fún un pé, "Hajiya, Màídúgùrí nìkan ni eléyìí gbọ́ o. Tẹ́ ẹ bá gbé e dé Biu, á kàn máa súfèé fún yín ni."

"Ta ló fẹ́ lọ Biu?" ni obìnrin náà dá a lóhùn. "Ta ni mo mọ̀ ní Biu?" Ó sì ra méjì.

Àlàájà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó máa ń ṣe é ní àṣejù nígbà mìíràn. Ẹ ó rántí ìgbà tó yọ bọ́tìnnì kúrò lára rédíò pátápátá, tó ní kí oníbàárà kàn máa yọ bátìrì bó bá fẹ́ pa á. Ẹ̀yin lẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, níwájú gbogbo wa, tí ẹ ní, "Alàájì, ẹ má yọ èmi náà kúrò nílé o. Tẹ́ ẹ bá yọ mí, ilé á ṣì dúró fún ọjọ́ méjì kẹ́ ẹ tó mọ̀." Ọjọ́ kejì ni bọ́tìnnì padà. A fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko.

Ó wá kan ohun tí a kò gbọdọ̀ fò.

Ní ọdún 1989, oníṣòwò kan kó rédíò rẹ̀ méjìlá lọ tà ní ìlú tó jìn, kò sì sọ fún àwọn tó rà á ohun tí Làtíì sọ fún òun. Rédíò súfèé. Wọ́n kó wọn dà sí oníṣòwò lọ́rùn, òun náà wá kó wọn dà sí Ẹgbẹ́ lọ́rùn, ó ní ọmọ wa ń ta ayédèrú. Àgbà márùn-ún la jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Alága wa nígbà náà, olóògbé Bàbá Ọláṣẹ́gun, gbé rédíò kan sórí tábìlì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nínú iṣẹ́ wa, bí wọ́n bá gbé rédíò síwájú wa, ẹ̀yìn rẹ̀ la kọ́kọ́ ń ṣí, nítorí òkú rédíò ni wọ́n máa ń gbé wá. Ó ti mọ́ wa lọ́wọ́. A ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, a ka ohun tó wà níbẹ̀. Níbi tó yẹ kí tàráńsítọ̀ mẹ́jọ wà, mẹ́rin la rí. A wo ara wa lójú. Ìdájọ́ ti parí.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ tan án," ni Làtíì wí.

"Ilé tí wọ́n yọ òpó mẹ́rin nínú mẹ́jọ rẹ̀," ni Bàbá Ọláṣẹ́gun fèsì, "ṣé a tún máa dúró wò ó bóyá yóò wó ni?"

"Bàbá, bí mẹ́rin bá gbé e ró, kí ni mẹ́rin yòókù ń ṣe níbẹ̀? Ṣé àlejò ni wọ́n ni?"

A rẹ́rìn-ín. Àwa márààrún la rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wa tó na ọwọ́ láti tan rédíò yẹn.

Ìdájọ́ tí a dá ni pé Ẹgbẹ́ kò ní buwọ́ lu ìwé òmìnira ọmọṣẹ́ kankan tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Làtíì. Ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ ọwọ́ lè má mọ bí èyí ti wúwo tó. Ọjọ́ tí ọmọ bá fẹ́ gba òmìnira, ọ̀gá rẹ̀ á buwọ́ lu ìwé, á gbé ọwọ́ lé e lórí, á ṣàdúrà fún un. Lẹ́yìn náà ni alága Ẹgbẹ́ á buwọ́ sí ìsàlẹ̀. Láìsí ti ìsàlẹ̀ yẹn, ọmọ náà kò lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kankan lábẹ́ Ẹgbẹ́. A kò lé Làtíì jáde. A kàn sọ ọ́ di ọ̀gá tí kò lè ní ọmọ. Èmi sì ni mo kọ ìwé ìdájọ́ náà. Ìwé kíkọ mi dára púpọ̀ nígbà yẹn.

Ọ̀dọ̀ mi ni rédíò náà kù sí, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ki bátìrì méjì sí i, mo tan án. Ó ka ìròyìn fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Mo gba ọ̀dọ̀ alága lọ, mo rò ó fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Akọ̀wé, ìwé ti jáde. Tàdáwà tó bá ti kúrò nínú bírò, ọ̀nà wo ló fẹ́ gbà padà?" Nígbà tí mo gbé rédíò náà lọ fún Làtíì, ó bi mí pé, "Ṣé ó sọ̀rọ̀?" Mo ní ó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ̀rọ̀."

N kò sọ ọ́. Alága kú, àwọn mẹ́ta yòókù tẹ̀lé e. Ìwé tí mo kọ kò kú.

Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé Làtíì kò bínú kúrò láàárín wa. Gbogbo ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ló ń wá sí ìpàdé, á jókòó sẹ́yìn, á sì dìde fún àgbà tó bá pẹ́ dé tí kò rí àga. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ mẹ́sàn-án ló ní láti lọ fi oṣù mẹ́fà jókòó lọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn kí wọ́n tó lè rí ìwé gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń mú wọn lọ, òun ló ń bá wọn bẹ ọ̀gá tuntun náà, bí ẹni tó ń fọmọ fọ́kọ.

Nígbà tí ìjà àwọn agbésùnmọ̀mí dé, tí ìjọba gé nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ní Borno lọ́dún 2013, rédíò ló ṣẹ́kù tí mẹ̀kúnnù fi ń mọ ọ̀nà tí wọ́n dí àti àsìkò tí kónílé-ó-gbélé máa bẹ̀rẹ̀. Ọdún yẹn ni mo sá. Ní àárọ̀ tí mò ń gbé ẹrù mi lọ sí gáréèjì, mo gba Hausari kọjá. Ilé sí ilé, ohùn kan náà ni mò ń gbọ́, bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá gbogbo àdúgbò náà sọ̀rọ̀ láti inú páànù. Mo mọ ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Mo rìn kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń tẹjú mọ́ iṣẹ́, n kò yà. Àlàájà, n kò tíì sọ èyí fún yín rí.

Ẹ̀yin tí ẹ dúró lẹ sọ ìyókù fún mi lórí fóònù. Ẹ sọ fún mi pé nígbà tí iná mànàmáná lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bátìrì fóònù àlòkù ṣe àtùpà tí oòrùn ń fún ní iná, tí àwọn tó sá wọ ìlú láti abúlé fi ń ríran nínú àgọ́ wọn. Déwálé ló ròyìn ọmọbìnrin àgùnbánirọ̀ kan fún mi, Tẹniọlá lorúkọ rẹ̀, tó kàwé nípa iná ní yunifásítì, tó wá wo àtùpà náà, tó ní, "Bàbá, ìwé wa ní ó yẹ kó ní ẹ̀yà mẹ́fà sí i." Alàájì ní, "Ọmọ mi, ìwé yín ò gbé Jiddari Polo rí." Ọmọ náà lọ kó ìwé rẹ̀ wá, ó jókòó tì í títí ọdún ìsìnrú ìlú rẹ̀ fi parí. Ohun tó ń kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́ ju ohun tó ń fi hàn án lọ.

Ràódàt, ọmọ wa, ìwọ ló kọ́ iṣẹ́ náà jù, ìwọ nìkan ni kò sì gbà láti lọ jókòó lọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn. A gbọ́ ohun tí o sọ: "Bàbá mi ló kọ́ mi. N ò ní lọ kúnlẹ̀ fún ẹni tí kò kọ́ mi ní nǹkan kan, kó wá gbé ọwọ́ lé mi lórí." Ọdún mọ́kànlá ni o fi ṣe iṣẹ́ láìní ìwé, lábẹ́ orúkọ bàbá rẹ, nínú ṣọ́ọ̀bù Hausari. Ṣùgbọ́n Ẹgbẹ́ ló gba ìlà ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ́wọ́ onílé, òfin wa sì ni pé ẹni tó bá ní ìwé nìkan ló lè jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ kò tíì tutù tí ọmọ ẹgbẹ́ kan fi wá béèrè ṣọ́ọ̀bù náà fún ara rẹ̀. Ojú tì wá láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Zainudeen ló pè mí. Yorùbá ló fi bẹ̀rẹ̀, inú bí i, ó bọ́ sí Hausa, ó tún padà. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní kí Ràódàt kó ẹrù rẹ̀ jáde kí oṣù yìí tó parí. Wọ́n ní kò ní ìwé. Ẹ̀yin lẹ kọ èyí tó dè é. Ta ni mo tún fẹ́ lọ bá?"

Mo pe Déwálé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí tábìlì dé orí bátìrì méjì. Ó ní, "Bàbá, ẹ wá mọ̀ ọ́n láti ọdún mẹ́rìndínlógójì?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Kò sọ ohun burúkú kankan sí mi. Ó kàn ní òun ń pe ìpàdé.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, gbogbo ọmọ Ẹgbẹ́ péjọ, ẹ̀yin náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n ka ìdájọ́ 1989 sókè, wọ́n ka ẹ̀rí mi tẹ̀lé e, wọ́n sì fagi lé ìdájọ́ náà pẹ̀lú ohùn kan. Ẹgbẹ́ yìí jẹ́wọ́ pé a dá Alàájì Làtíì Akínbọ́lá lẹ́bi láìgbọ́ ohun tó wà níwájú wa. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú. Láti òní lọ, ohun èlò tí wọ́n bá gbé wá síwájú ìgbìmọ̀ wa, títàn la ó kọ́kọ́ tan án.

Ó wá ku ọ̀nà tí Ràódàt yóò gbà rí ìwé, nígbà tí ọ̀gá tó yẹ kó buwọ́ lù ú ti wà nínú ilẹ̀. A ń rò ó lọ, à ń rò ó bọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀yin Àlàájà ti dìde, tí ẹ fa ìwé kan yọ nínú báàgì yín. Ìwé òmìnira Ràódàt ni. Alàájì ti buwọ́ sí àyè ọ̀gá láti ọdún 2014, pẹ̀lú déètì. Àyè alága ló ṣófo. Ẹ ní ó sọ fún yín nígbà náà pé, "Ẹ fi í pamọ́. Wọ́n ń bọ̀ wá béèrè rẹ̀." Wọ́n sọ fún mi pé àwọn àgbà ọkùnrin sunkún nínú ìpàdé náà.

Déwálé pè mí láti ibẹ̀. Ó ní, "Bàbá, déètì wo ni ká kọ? Àwọn kan ní ká kọ ti 2014, kó bá ti Alàájì mu, kó má bàa tì wá lójú." N kò tíì dáhùn tí Ràódàt fi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ní kí wọ́n kọ ti òní. Bàbá mi ò fi ohun tí kò sí kún iṣẹ́ rí."

Ti òní ni alága kọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ka ìwé náà lọ́jọ́ iwájú yóò rí i pé ọ̀gá ṣe tirẹ̀ lásìkò, pé àwa la pẹ́. Ràódàt, ṣọ́ọ̀bù Hausari di tìrẹ, o lè gba ọmọṣẹ́, Ẹgbẹ́ yóò sì buwọ́ lu ìwé gbogbo ẹni tí o bá gbé ọwọ́ lé lórí. Ẹ̀yin Àlàájà, ohunkóhun tí ẹ bá nílò, ẹ ránṣẹ́ sí alága; ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní Custom kò ní tì mọ́ yín. Fún ìyà ọdún mẹ́rìndínlógójì, a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, nítorí ẹni tó yẹ ká tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí níbi tí ohùn wa lè dé. Èmi Jàáfárù tọrọ tèmi lọ́tọ̀.

Kí Ọlọ́run Ọba Aláàánú forí ji Alàájì Làtíì, kí Ó sọ ibojì rẹ̀ di ibi ìsinmi tó fẹ̀, kí Ó sì fi Àlùjánńà kẹ́ ẹ. Kí Ó jókòó ti Àlàájà ní wákàtí tí ilé bá dá rọ́rọ́, kí Ó ró Zainudeen àti Ràódàt lágbára, kí Ó tu gbogbo ẹbí nínú débi tí ẹ̀yin náà yóò fi lè tu ẹlòmíràn nínú. Kí Ó sì fún àwa tó ṣẹ́kù ní oore-ọ̀fẹ́ láti sọ òtítọ́ nígbà tí ẹni tó ni ín ṣì lè gbọ́ ọ. Àmín.

Jàáfárù Adégbìtẹ́, akọ̀wé àná, láti Ọ̀fà,
fún Déwálé, alága, àti gbogbo ọmọ Ẹgbẹ́ ní Màídúgùrí.